Ẹ̀rọ Ìdí Ọkọ̀ Tí A Pa Tì: Ìtàn Kan Láti Etí Ọ̀sà Lẹ́kkí àti Ajah

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Badore láti Ajah títí dé etí ọ̀sà yóò rí èbúté tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò sọdá sí Ìjẹ̀dẹ́ àti sí ìhà Ìkòròdú. Ní irú etí omi bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ilé àwọn apẹja àti lábẹ́ àtíbàbà àwọn tí ń kan ọkọ̀, ohun kan tún wà tí kì í pariwo: ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ tí a gbé kọ́ sára pákó, tí a fi tapólì bò, tí ẹnikẹ́ni kò sì fa okùn rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, agbọ́n ti kọ́lé sínú ihò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pè é ní òkú irin.

Orúkọ náà kò tọ̀nà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kú sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá tú u, a ó rí i pé ohun tí ó ń ṣe é kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ti ṣe, bí kò ṣe ìsinmi tí a fún un: epo tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ tí a kò fi omi tútù ṣàn kúrò lára rẹ̀, rọ́bà tí ó gan sójú kan. Ìdí tí a fi fún un ní ìsinmi náà kò sì sí nínú ẹ̀rọ rárá. Inú ìtàn ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe aláìmọ ìtàn náà díẹ̀, nítorí ibi tí ó gbé dúró àti ìgbà tí ó dúró ni yóò sọ ibi tí àrùn wà.

Ilẹ̀ Lẹ́kkí jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí ó nà láti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn. Òkun ńlá wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè dúró sí lórí rẹ̀ tí omi yóò jìnnà sí i púpọ̀. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó sún mọ́ Èkó wà lábẹ́ àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, tí Olúmẹ́gbọ́n jẹ́ olórí wọn. Bí a bá sì ti ń lọ sí ìhà Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn Ìjẹ̀bú ni a ó máa bá pàdé. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn, tí omi jẹ́ oko fún, tẹ̀dó sí etí omi káàkiri, ó sì wà nínú àdúgbò Ajah títí di òní èyí tí a ń fi orúkọ Ìlàjẹ pè. Láàárín gbogbo wọn, omi ni títì. Ẹni tí ó fẹ́ ná ọjà Èjìnrìn tàbí ti Ẹ̀pẹ́, ẹni tí ó fẹ́ kó ẹja gbígbẹ lọ sí Èbúté Èrò, inú ọkọ̀ ni yóò wọ̀.

Títì yìí ni ọ̀rọ̀ ìjọba pàápàá gbà kọjá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lu Èkó tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè, ojú omi ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1854 fi èbúté Palma àti ti Lẹ́kkí sílẹ̀ fún un láti máa ṣòwò. Ó padà sí Èkó ní 1862. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, èbúté méjèèjì bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì sì dìde sí Ìjẹ̀bú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ojú ọ̀sà ni ó gbà dé Ẹ̀pẹ́ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ lónìí, tí ó sì rí ọ̀nà ńlá tí ó gùn láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀nà náà ni ó ti ń so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ láti ìgbà ìwásẹ̀.

Ohun tí ó ń gbé ọkọ̀ lọ ní ìgbà náà ni apá ènìyàn àti afẹ́fẹ́. Ọ̀sà Èkó kò jìn. Ní ibi púpọ̀ kò ju mítà kan àbọ̀ sí mẹ́ta lọ, nítorí náà ọ̀pá gígùn a máa kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀, atukọ̀ a sì fi ti ọkọ̀ síwájú. Níbi tí ó bá jìn, ó di ọ̀ràn àjẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì dára, wọn a ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò àti aṣọ gán pọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó yanrìn lórí ọ̀sà náà ṣì ń ta irú ìgbòkun bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rúndún kọkànlélógún. Kò sí ọ̀kan nínú ohun èlò mẹ́ta yìí tí ìsinmi ń bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín kò lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Àjẹ̀ tí a gbé sí àjà fún ọdún mẹ́wàá, àjẹ̀ náà ni yóò jẹ́ nígbà tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ti yàtọ̀ nìyí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ jù lọ ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí a bí ní 1877, tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní èwe rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ lárà. Cameron Waterman ti ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí Evinrude ṣe ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1909 ni ọwọ́ àwọn ènìyàn gbà. Agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin kan àbọ̀ lọ. Ohun tí ó mú un gbayì ni pé gbogbo rẹ̀ wà lára ohun kan ṣoṣo: ẹ̀rọ wà lókè, ọ̀pá gba àárín sọ̀ kalẹ̀, àjẹ̀ onírin tí ń yí wà nísàlẹ̀ omi. Ènìyàn kan lè gbé e, kí ó fi dè mọ́ ìdí ọkọ̀ èyíkéyìí, kí ó sì tún tú u gbé relé ní alẹ́ kí olè má baà jí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Seagull bẹ̀rẹ̀ ní 1931. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní ìdérí, okùn tí a fi ń fà á kò sì so mọ́ ọn, ńṣe ni a ń wé e mọ́ kẹ̀kẹ́ orí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ ṣí i. Ní 1960 ni Yamaha ti ilẹ̀ Japan gbé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Láàárín àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn ìjọba etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Senegal títí dé Ghana, ń gbìyànjú láti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ àwọn apẹja. Lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, ẹ̀rọ Yamaha tí wọ́n ń pè ní Enduro, tí a ṣe ní líle fún irú iṣẹ́ yìí, di èyí tí ó pọ̀ jù lórí ọ̀sà Èkó, pàápàá èyí tí ó ní agbára ẹṣin 40 àti 75.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí inú àlàyé náà ni àrùn rẹ̀ wà. Nínú ẹ̀rọ mọ́tò, ọ́ọ̀lì ní ibùgbé tirẹ̀, bẹntiróòlù sì ní tirẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ ti àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń po ọ́ọ̀lì mọ́ bẹntiróòlù ni, àpòpọ̀ náà a sì gba inú ikùn ẹ̀rọ kọjá, a fi ọ́ọ̀lì pa gbogbo irin tí ń yí lára kí ó tó dé orí písítìnì níbi tí iná yóò ti jó o. Písítìnì lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná ti ràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n àpòpọ̀ náà yí padà bí ọdún ṣe ń yí. Àwọn Seagull àgbà ń fẹ́ ìdá kan ọ́ọ̀lì sí mẹ́wàá bẹntiróòlù. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn fẹ́ kan sí 25. Àwọn ti òde òní fẹ́ kan sí 50. Fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni lítà méjì àbọ̀, lítà kan, àti ààbọ̀ lítà. Ẹni tí ó bá jogún ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, tí ó wá fi ìwọ̀n ẹ̀rọ tuntun bọ́ ọ, yóò jó o pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì máa sọ pé ọjọ́ ogbó ni ó pa á.

Èwo wá ni ohun tí ó lé ẹ̀rọ kúrò lójú omi? Ọ̀nà ilẹ̀ ni. Afárá Carter ti so Èkó mọ́ Ìddó láti 1901, ṣùgbọ́n kò kan àwọn ará Lẹ́kkí. Nígbà tí a la ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1980, tí a sì ṣí Afárá Kẹta parí ní 1990, ìṣirò yí padà. Ìyá ẹlẹ́ja tí ó ti ń dúró de ọkọ̀ láti òru lè wọ dánfó ní Ajah kí ó sì dé Èkó kí oòrùn tó mú. Ọkọ̀ orí ilẹ̀ kò bẹ̀rù ìjì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí ń fi ọkọ̀ gbé èrò àti ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ wọn sọ kalẹ̀. Wọn kò tà á, nítorí wọ́n rò pé ìgbà yóò padà. Wọn kò sì tọ́jú rẹ̀ fún ìsinmi, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ìsinmi ń fẹ́ ìtọ́jú. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́ kí wọ́n tó pa á tì. Wọ́n pa á tì kí ó tó bàjẹ́.

Omi pàápàá dá kún un. Ní ọdún 1984 ni ewé kan tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ rí bí àwọ̀ elésè-àlùkò, gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ ọ̀sà láti ìhà Benin. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tẹ́ bí ẹní lórí omi ní àkókò òjò. Ó ń wé mọ́ àjẹ̀ onírin, ó sì ń dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa omi mu. Ẹ̀rọ tí kò sì rí omi mu yóò gbóná títí písítìnì rẹ̀ yóò fi gan mọ́ ògiri. Iyọ̀ nìkan ni ewé yìí ń bẹ̀rù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá ń gba ẹnu èbúté Èkó wọlé tí omi odò kò sì pọ̀ tó láti lé e padà, ewé náà a máa kú ní ìhà Èkó àti Ajah. Èyí mú ohun kan jáde tí àwọn mẹkáníìkì àgbà mọ̀, tí ẹni tí ó ń ra àlòkù ẹ̀rọ kò sì sábà bi léèrè: ọ̀sà tí ó wà ní ọ̀dọ̀ Ajah ń ní iyọ̀ ní oṣù mélòó kan lọ́dún, ṣùgbọ́n ọ̀sà Lẹ́kkí, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́, omi tútù ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ní gbogbo ọdún. Ẹ̀rọ méjì tí a ṣe ní ọjọ́ kan náà, tí a sì pa tì ní ọjọ́ kan náà, kò ní ṣàìsàn kan náà bí ọ̀kan bá gbé ní Badore tí èkejì gbé ní ìhà Lẹ́kkí. Ti Badore, inú ọ̀nà omi rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò, níbi tí iyọ̀ ti gbẹ tí ó sì le bí òkúta, àti ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀tù rẹ̀ níbi tí iyọ̀ ti mú kí irin líle jẹ àlùmíníọ̀mù tí ó yí i ká. Ti ìhà Lẹ́kkí, epo rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Àgbà mẹkáníìkì kì í kọ́kọ́ fa okùn. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dọ́mọdé tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ti dúró fún ọdún márùn-ún, òrùka tí ó wà lára písítìnì rẹ̀ lè ti fi ìpẹtà lẹ̀ mọ́ ògiri sìlíńdà; ẹni tí ó bá fi agbára fà á yóò ṣẹ́ òrùka náà, yóò sì fi ha ògiri, ohun tí ì bá ná an ní ọ́ọ̀lì ife kan yóò wá ná an ní odindi ẹ̀rọ. Púlọ́ọ̀gì ni yóò kọ́kọ́ yọ. Yóò da ọ́ọ̀lì díẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, yóò sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ di kẹ̀kẹ́ wíwúwo tí ó wà lórí ẹ̀rọ mú, tí yóò sì yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá yí, ìrètí wà. Bí kò bá yí, kí ó tún da ọ́ọ̀lì sí i, kí ó sì tún dúró. Sùúrù wà lára irin iṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sùpánà.

Púlọ́ọ̀gì tí ó yọ náà ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú tí ó sì tutù, epo pọ̀ jù nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Bí ó bá funfun bí eérú, ẹ̀rọ náà gbóná jù kí a tó gbé e sọ kalẹ̀, ó sì yẹ kí a wá ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ omi. Bí ó bá ní ìpẹtà, omi ti wọ inú sìlíńdà. Lẹ́yìn tí a bá ti nù ún tán, a ó tún so ó mọ́ wáyà rẹ̀, a ó fi ara rẹ̀ kan ara ẹ̀rọ níta, a ó sì fa okùn nígbà yìí. Ó yẹ kí iná ṣẹ́ ní ẹnu rẹ̀, kí ó le, kí ó sì ní àwọ̀ búlúù. Ẹ̀rọ yìí kò nílò bátìrì: òòfà tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ orí rẹ̀ ni ó ń gba iwájú kọ́ìlì kọjá tí ó sì ń bí iná. Nínú àwọn ẹ̀rọ àgbà, irin pẹlẹbẹ méjì tí a ń pè ní pọ́ìntì ni ó ń ṣí tí ó sì ń pa iná náà dé ní àkókò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun kò jẹ́ kí pọ́ìntì mọ́ fún oṣù mẹ́fà, kí a má tíì sọ ti ọdún mẹ́fà. Nǹkan tínrín bí awọ ẹyin a ti bo ojú wọn, iná kò sì ní lè kọjá. Sáńpépà dídán tí a fi fà láàárín wọn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ti jí ẹ̀rọ púpọ̀ tí wọ́n ti ń fi ojú àlòkù irin wò.

Bí iná bá wà tí ẹ̀rọ kò sì jí, epo ni ó kù. Bẹntiróòlù kì í ṣe ohun tí ń pẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú kábúrétọ̀, èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ yóò fò lọ, èyí tí ó wúwo àti ọ́ọ̀lì tí a pò mọ́ ọn yóò kù, yóò sì di oje igi tí ń lẹ̀. Ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀ kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Oje díẹ̀ ti tó láti dí i. Láti ìgbà tí bẹntiróòlù tí ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tí ìjọba fi ní láti kó o kúrò ní ọjà, àwọn ènìyàn púpọ̀ ti wá mọ ohun tí àwọn mẹkáníìkì ojú omi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: irú ọtí bẹ́ẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó ń jẹ rọ́bà, ó sì ń jẹ àlùmíníọ̀mù. Nítorí náà, gbogbo epo àtijọ́ ni a ó dà nù. A kò gbọdọ̀ fi tuntun là á. A ó tú kábúrétọ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ àwọn ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa ki wáyà bọ̀ ọ́. Àṣìṣe ni, nítorí idẹ ni ihò náà, ó rọ̀, wáyà a sì mú un fẹ̀. Láti ọjọ́ náà ẹ̀rọ yóò máa mu epo bí ẹni mu omi. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ó wà láàárín kẹ́ẹ̀gì àti ẹ̀rọ, tí a ń fi ọwọ́ fún kí epo lè gòkè, òun náà a máa sán. Ó lè má jò síta, ṣùgbọ́n ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ẹ̀rọ yóò sì jí, yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò wá kú ní àárín ọ̀sà. Irú àrùn yìí burú ju ti ẹ̀rọ tí kò jí rárá lọ, nítorí èyí tí kò jí kò gbé ẹnikẹ́ni kúrò ní èbúté.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Nínú ọ̀pá tí ó wọ omi ni kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan wà tí ó ní ìka, tí ó ń fa omi gòkè láti mú kí ẹ̀rọ tutù. Ojú kan ni àwọn ìka náà tẹ̀ sí nígbà tí ẹ̀rọ dúró, bí wọ́n bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í lè nà mọ́. Kò yẹ kí a dán an wò kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí owó písítìnì. Ọ́ọ̀lì inú jíà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Tí a bá tú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, tí ọ́ọ̀lì náà sì ṣàn jáde ní dúdú tàbí ní àwọ̀ oyin, ó dára. Tí ó bá funfun bí wàrà, omi ti wọlé. Ibi tí omi sábà ń gbà wọlé ni ẹ̀yìn àjẹ̀ onírin, ohun tí ó sì ń la ọ̀nà fún un ni okùn àwọ̀n. Ní ìgbà tí a ń fi òwú hun àwọ̀n, okùn tí ó bá wé mọ́ àjẹ̀ a já, a sì rà. Láti ìgbà tí náílọ́ọ̀nù ti gba ipò òwú ní àárín ọ̀rúndún ogún, okùn kì í rà mọ́. Yóò máa yí pẹ̀lú irin títí yóò fi gé rọ́bà tí ń dá omi dúró. Báyìí ni ohun èlò tuntun kan tí ó mú èrè wá fún apẹja ṣe ń jẹ òmíràn lábẹ́ omi, láìjẹ́ pé ojú rí i.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a ó gbé ẹ̀rọ sínú dúrọ́ọ̀mù tí ó kún fún omi tútù. A kò gbọdọ̀ ṣí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àní fún ìṣẹ́jú kan, nítorí kẹ̀kẹ́ rọ́bà yẹn yóò jó. Bí ó bá jí, èéfín yóò pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ nítorí ọ́ọ̀lì tí a dà sí i. Kò sí ewu níbẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì ń wò kì í ṣe èéfín, bí kò ṣe ihò kékeré tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí omi gbọ́dọ̀ máa tọ̀ jáde níbẹ̀ láìdáwọ́dúró. Bí omi náà bá jáde tínrín, iyọ̀ ṣì wà ní ọ̀nà. Bí kò bá jáde rárá, kí a pa á kíákíá.

Ọgbọ́n yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ìgbà kan, nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ ṣì tú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn ará Èkó sì tún rántí omi nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Ajah dé Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gba ìdajì òwúrọ̀. Ní 2008 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èbúté tún bẹ̀rẹ̀ sí ní èrò, àwọn tí ó ní ẹ̀rọ lábẹ́ tapólì sì lọ ṣí i wò. Àfàìmọ̀ kí ìgbà náà má jẹ́ ìgbà tí a jí ẹ̀rọ púpọ̀ jù lọ ní etí ọ̀sà yìí. Ìsinmi mìíràn tún dé. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró ní Èkó fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó náírà 200 ní Èkó kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 yóò sì fi parí, ó ti ju 800 lọ. Ẹ̀rọ alágbára ẹṣin 40 tí a ṣí tán lè mu ju lítà 15 lọ ní wákàtí kan. Apẹja tí ẹja rẹ̀ kò tó owó epo kò ní ohun mìíràn tí yóò ṣe ju pé kí ó gbé ẹ̀rọ sọ kalẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìsinmi ti àwọn ọdún 1980 àti ti ìsinsìnyí ni pé ẹni tí ń gbé ẹ̀rọ sọ kalẹ̀ lónìí lè mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Kí ó ṣí ẹ̀rọ nínú dúrọ́ọ̀mù omi tútù títí iyọ̀ yóò fi ṣàn tán. Kí ó yọ okùn epo nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó jẹ́ kí ó jó èyí tí ó kù nínú kábúrétọ̀ tán kí ó fúnra rẹ̀ kú. Kí ó da ọ́ọ̀lì díẹ̀ sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì kí ó tó dí i padà. Kí ó fi gíríìsì pa àwọn nọ́ọ̀tù. Kí ó gbé e dúró lóòró, kí ó má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ orí rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó owó epo tí yóò gbé ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú kí ó sì bọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ tí a jí bá kọ́kọ́ padà sí ìdí ọkọ̀, kì í lọ jìnnà ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó mọ ọ̀sà yóò máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ bèbè, níbi tí ọ̀pá ṣì lè kan ilẹ̀, yóò sì máa wẹ̀yìn léraléra wo omi tí ń tọ̀ jáde. Ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, lábẹ́ pákó tí a ń jókòó lé, àjẹ̀ kan wà níbẹ̀.